HP ni, Dell ni, Mac ni: kí la ń jà lé lórí gan-an?

Ẹnì kan ra HP EliteBook 840 tòkunbọ̀ ní Ọtígbà, nínú Computer Village ní Ìkẹjà. Ó lò ó títí, kò gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹnjiníà rí. Ẹlòmíràn ra HP 15 tuntun nínú páálí, ọdún ò tíì yí po tí ojú rẹ̀ fi ya kúrò lára. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, àkọ́kọ́ á ní HP kì í bàjẹ́, èkejì á ní òun ò tún ní fowó òun ra HP mọ́ láyé. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ohun tí ojú kálukú rí ló ń sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni pé orúkọ kan náà ló wà lẹ́yìn ẹ̀rọ méjì tí wọn ò jọ bára tan.

Èrò mi ni pé ọ̀pọ̀ ìjà tí à ń jà lórí láptọ́ọ̀pù, orúkọ ara páálí là ń jà fún. Oríṣi ẹ̀rọ náà, ọdún tó jáde, owó tí a san lé e àti ọwọ́ tó ti lò ó rí ni wọ́n ń sọ bó ṣe máa tọ́ sí. Gbogbo wọn sì ni a kì í mẹ́nu bà.

Ẹ jẹ́ ká mú oríṣi kọ́kọ́. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ìlà méjì, ó kéré tán. Ìlà kan wà fún báńkì, ilé ìjọba àti ilé iṣẹ́ ńlá: EliteBook àti ProBook lọ́dọ̀ HP, Latitude lọ́dọ̀ Dell, ThinkPad lọ́dọ̀ Lenovo. Ìlà kejì wà fún ẹni tó ń ra ẹyọ kan sílé: Pavilion àti HP 15, Inspiron, IdeaPad. Báńkì tó bá ra ẹgbẹ̀rún kan lẹ́ẹ̀kan náà máa ń gba àdéhùn àtúnṣe, ó sábà máa ń jẹ́ ọdún mẹ́ta, ọrùn ilé iṣẹ́ tó ta ẹ̀rọ náà sì ni ìnáwó àtúnṣe yẹn máa já lé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe é kó ṣeé tú, kó sì pẹ́. Ìlà kejì, iye tó gbọ́dọ̀ jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́kọ́ fà lé e lórí, gbogbo ohun tó kù wá tẹ̀ lé e.

Ẹ tú ìdí láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú kan, kí ẹ wo igun méjèèjì tí ojú rẹ̀ ti so mọ́ ara. Ẹ máa rí irin hínjì níbẹ̀, síkúrù méjì tàbí mẹ́ta ló dè é mọ́lẹ̀. Síkúrù yẹn kò wọ inú irin kankan. Inú nọ́ọ̀tì kékeré onídẹ tí wọ́n fi ooru tẹ̀ bọ inú ike ló wọ̀. Bó bá pẹ́, gíríìsì inú hínjì á gbẹ, eruku á wọ̀ ọ́, hínjì á le. Ẹni tó bá wá ń fi ọwọ́ kan fa ojú rẹ̀ sókè láti igun, orí ike yẹn ni gbogbo agbára náà ń lọ. Ike á sán, nọ́ọ̀tì á fà yọ, ẹ̀gbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Bí a ò bá dá a dúró níbẹ̀, hínjì lè gé wáyà síkírìnì tó gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dẹ nọ́ọ̀tì tó fún hínjì fúnra rẹ̀, kó rọ̀, kó tó fi Araldite lẹ nọ́ọ̀tì onídẹ padà sáyè rẹ̀, kó sì fi í sílẹ̀ mọ́jú. Ẹni tó kàn lẹ̀ ẹ́ láì dẹ hínjì, ibòmíràn ni ike á tún ti sán. Lára EliteBook, Latitude tàbí ThinkPad T, férémù onírin ni hínjì sábà máa ń wọ̀, kò sí ike tó máa sán níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: irin àti ike ni àwọn méjì yẹn ń bá ara wọn jà lé lórí, wọ́n sì ń pè é ní HP.

Ọjọ́ orí náà ńkọ́? “Core i7 ni tèmi”, ìyẹn orúkọ irú ṣíìpù Intel kan tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a fi ń pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Core i7-7500U ní kọ́ọ̀ méjì péré, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú ṣíìpù. Core i5-8250U, tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ní 2017, ní mẹ́rin. Nínú iṣẹ́ tó ń lo gbogbo kọ́ọ̀, i5 yẹn máa fi i7 sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Lára irú ṣíìpù báyìí, nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé àmì dáàṣì ló ń sọ jẹnẹréṣọ̀n rẹ̀, ìyẹn sì ti wá ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ṣíìpù ààbò, àti 8th Gen (jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ) sókè lọ́dọ̀ Intel, àfi àwọn díẹ̀ tí Microsoft yọ̀ǹda. Àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10 sì ti parí ní 14 October 2025. Kí ẹ má sì ro pé orúkọ ẹ̀rọ tó. EliteBook 840 G5 àti ThinkPad T480 ni gbogbo èèyàn mọ̀ sí 8th Gen, síbẹ̀ wọ́n ta àwọn kan nínú wọn pẹ̀lú i5-7300U, tó jẹ́ 7th Gen. Ẹni tó ra irú èyí tí kò wo inú rẹ̀ á sọ fún gbogbo ayé pé T480 kò yá.

Ọ̀rọ̀ wà nípa ibi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n pẹ̀lú. Àwọn ilé iṣẹ́ Taiwan bíi Quanta, Compal àti Wistron ló ń to ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ayé, ní àwọn fákítọ́rì wọn ní Ṣáínà àti ibòmíràn. Quanta ti to MacBook, ó sì ti to ti HP àti Dell. Ṣíìpù RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ọ̀dọ̀ Samsung, SK Hynix tàbí Micron ló ti sábà máa ń wá, orúkọ yòówù kó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Èyí kò sọ gbogbo wọn di ọ̀kan náà, torí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún Quanta ló ń sọ irú ike, irú fáànù àti irú bátìrì tí wọ́n máa lò. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé àbùkù kan lè wọlé sí orúkọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀. Ní July 2008, Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù àwòrán, kéde pé òun máa ya owó tó tó 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí ṣíìpù àwòrán láptọ́ọ̀pù tó ń kú ṣáájú àsìkò. Ohun tí wọ́n fi so ṣíìpù náà mọ́ pátákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò lè fara da kó máa gbóná kó tún máa tutù lójoojúmọ́, ó ń sán. HP Pavilion dv2000, dv6000 àti dv9000 fara gbá a. Dell XPS M1330 fara gbá a. MacBook Pro tó ní ṣíìpù Nvidia 8600M GT náà kò yọ. Ẹni tó ní Pavilion bú HP, ẹni tó ní XPS bú Dell, wọ́n sì ń gba ara wọn níyànjú láti bọ́ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, nígbà tó jẹ́ pé ṣíìpù Nvidia tó ní àbùkù kan náà ló ń dúró dè wọ́n níbẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, kàpásítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń tọ́jú iná lórí bọ́ọ̀dù, tó ń wú tó sì ń jò ti ba kọ̀ǹpútà orí tábìlì Dell OptiPlex GX270 àti GX280 jẹ́, ó sì ba iMac G5 jẹ́ pẹ̀lú. Títí di òní, ẹ ṣì máa gbọ́ “Pavilion máa ń gbóná jù” lẹ́nu ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Nvidia ni wọ́n sọ fún òun.

Kí ló wá dé tí a ò fi lè jọ̀wọ́ orúkọ? Owó ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ 8th Gen tó dáa ju owó oṣù mẹ́ta lọ fún ẹni tó ń gba 70,000 náírà tí ìjọba là sílẹ̀ ní 2024. Ọjà tòkunbọ̀ kì í sì í rọrùn dá padà. Bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo tó kù tí a lè tún ṣe sí ohun tí a rà ni èrò wa nípa rẹ̀. Ní 1956, Jack Brehm, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé ohun èlò ilé mẹ́jọ síwájú àwọn obìnrin, ó ní kí wọ́n sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe wù wọ́n tó. Lẹ́yìn náà ló ní kí kálukú yan ẹyọ kan nínú méjì, kó gbà á bí ẹ̀bùn. Nígbà tó tún bi wọ́n, èyí tí wọ́n yàn ti dára sí i lójú wọn, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ti burú sí i, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì lo ìkankan nínú méjèèjì. Ibi tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ Brehm ni pé àyípadà náà pọ̀ jù níbi tí ohun méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lójú ẹni tó ń yàn. Ẹ wá wo Latitude 7490 àti EliteBook 840 G5: ọdún kan náà, ṣíìpù kan náà, ojú 14 ínǹṣì kan náà, iye wọn ò jìnnà síra. Àwọn tó ni wọ́n ló yẹ kó rọrùn jù fún láti gbà fún ara wọn, àwọn náà ni ariwo wọn pọ̀ jù.

Ẹni tó gba èèyàn nímọ̀ràn tún ní ẹrù tirẹ̀. Bí a bá ti sọ fún ọmọ àbúrò ẹni pé kó ra Lenovo, tí bàbá rẹ̀ sì ti yáwó rà á, ẹni tó bá bú Lenovo lójú ẹbí ti fọwọ́ kan ọlá wa. A ò ní gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mọ́.

Henri Tajfel, òun náà onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, fi ìyókù hàn ní Bristol, ní England, ní nǹkan bí 1970. Ó ní kí àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé fojú ka àwọn àmì tóótòòtó, ó wá pín wọn sí ẹgbẹ́ méjì bí ẹni pé bí wọ́n ṣe kà á ló fi pín wọn, bẹ́ẹ̀ ó kàn pín wọn ṣáá ni. Nígbà tó ní kí wọ́n máa pín owó fún àwọn ẹlòmíràn, ẹgbẹ́ tiwọn ni wọ́n ń gbè. Kódà nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ mìíràn tó ṣe, ọ̀pọ̀ gbà kí owó ẹgbẹ́ tiwọn dín kù, bí ti ẹgbẹ́ kejì bá ṣáà ti máa kéré jù ú lọ. Bí àmì tóótòòtó bá lè ṣe èyí, kí la fẹ́ kí èso tó wà lẹ́yìn MacBook ṣe?

A tún ní àwọn ẹlẹ́rìí tí a gbà gbọ́ jù bó ti yẹ lọ. Ẹni tó ń tà á kì í yin ohun tí kò sí lórí tábìlì rẹ̀. Ẹnjiníà kì í purọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bàjẹ́ nìkan ló ń rí. Ká ní 60 HP àti 10 Acer ló wà ní àdúgbò kan, tí ọ̀kan nínú mẹ́wàá bàjẹ́ lọ́dọ̀ kálukú: HP mẹ́fà á dé orí tábìlì rẹ̀, Acer á jẹ́ ẹyọ kan. Tọkàntọkàn ló máa fi sọ fún yín pé HP ló ń bàjẹ́ jù. Ohun tó yẹ kí ẹ bi í ni èyí tó rọrùn fún un láti tún ṣe, àti èyí tó ń rí ẹ̀yà rẹ̀ rà. Ìmọ̀ rẹ̀ lórí ìyẹn kò láfiwé.

Ìjà Mac àti Windows yàtọ̀ díẹ̀, torí pé Apple fúnra rẹ̀ ló da epo sí i. Láti 2006 sí 2009, ìpolówó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ni ọkùnrin méjì tó dúró síwájú ògiri funfun, ọ̀kan ní òun ni Mac, èkejì ní òun ni PC. Èèyàn ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ, ìdí rèé tí ẹni tó bá bú ẹ̀rọ fi dà bí ẹni tó bú èèyàn. Ọ̀rọ̀ gidi wà nídìí ìjà yìí ṣá o. MacBook Air M1 ti November 2020 kò ní fáànù, Apple sì kọ ọ́ pé ó lè tó wákàtí 15 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí iná ti ń lọ lójoojúmọ́, ẹni tó ń fi ìyẹn yangàn kò ṣàṣejù. Ní òdì kejì, RAM àti ibi ìpamọ́ rẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀, èyí tí ẹ bá rà lọ́jọ́ kìíní lẹ máa lò lọ. Ẹni tó fẹ́ fi Revit tàbí SolidWorks ya àwòrán ilé tàbí ti ẹ̀rọ kò rí wọn lórí Mac. Ẹni tó ń fi Logic ṣe orin tàbí tó ń fi Final Cut gé fídíò kò rí wọn lórí Windows. Mac náà sì ń bàjẹ́: kíbọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tí wọ́n kó wọlé láti 2015, eruku bíńtín ló ń dá a dúró, Apple ṣí ètò àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún un ní June 2018, ó sì padà sí irú ti tẹ́lẹ̀ láti November 2019.

Mi ò ní kí orúkọ má jẹ́ nǹkan kan o. Ó ní ibi tí ó ti ń jẹ́ nǹkan, ṣájà sì ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹnu ṣájà Dell olórí róbótó ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan láàárín. Abẹ́rẹ́ yẹn ló ń sọ fún láptọ́ọ̀pù bóyá ṣájà jẹ́ wáàtì 65 tàbí 90. Bó bá tẹ̀, tàbí tí wáyà rẹ̀ já nínú okùn, tàbí tí ṣájà jẹ́ ayédèrú tí kò ní ṣíìpù ìdánimọ̀, láptọ́ọ̀pù á tàn, bátìrì ò ní gba iná, ẹ̀rọ á sì dín eré ara rẹ̀ kù gidigidi kó má baà fa iná jù. Ọ̀pọ̀ ló ti fi Windows tuntun sí i, tí wọ́n ti ra RAM kún un, tí wọ́n sì ti parí ọ̀rọ̀ sí pé Dell ò yá, láì mọ̀ pé ṣájà ni. Ẹ tẹ F2 bó ṣe ń tàn, kí ẹ wá ibi tí ó kọ irú ṣájà sí nínú BIOS, ìyẹn ojú ètò ẹ̀rọ tó máa ń ṣí kí Windows tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dá a mọ̀, ẹ wo abẹ́rẹ́, kí ẹ sì dán ṣájà mìíràn wò kí ẹ tó náwó kankan. Lọ́dọ̀ ThinkPad ti 2017 sí 2019, bíi T480, ẹnu USB-C ni kẹ́ẹ ṣọ́. Lenovo fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé fámúwíà Thunderbolt àtijọ́, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ tó ń darí ẹnu náà, lè bà á jẹ́, ó sì gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fi àtúnṣe yẹn sí i ní ọjọ́ tó rà á ti bọ́.

Bí ẹ bá wà níwájú ẹni tó ń tà, ẹ fi orúkọ sílẹ̀, kí ẹ ṣí cmd, ìyẹn ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ sínú Windows, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Ó máa kọ ibi tó tọ́jú fáìlì kan sí, ẹ lọ ṣí i. Ẹ fi FULL CHARGE CAPACITY wé DESIGN CAPACITY: bí ó bá jẹ́ 30,000 nínú 50,000, ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ló kù nínú bátìrì yẹn, kí ẹ sì fi dúnàá dúrà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ lọ sí Performance, kí ẹ wo Memory, ó máa ń sọ iye ojú ihò RAM tí a ti lò. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi òjé jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà yìí lè tàn yín, ẹ fi wé ohun tí ilé iṣẹ́ kọ nípa irú ẹ̀rọ náà gan-an. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wọ BIOS: F10 fún HP, F2 fún Dell, F1 fún ThinkPad. Bó bá béèrè páásìwọ́ọ̀dù tí ẹni tó ń tà ò mọ̀, ẹ dìde níbẹ̀. Lórí ThinkPad, ohun tí Lenovo ní kí a ṣe sí irú èyí ni kí a pààrọ̀ bọ́ọ̀dù. Mac ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó sopọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nù ún. Bó bá béèrè Apple ID ẹlòmíràn, tàbí tó kọ Remote Management, ìyẹn pé ilé iṣẹ́ kan ṣì ń darí rẹ̀ láti òkèèrè, ọwọ́ ẹlòmíràn ló ṣì wà.

Àríyànjiyàn tó yẹ ká jókòó tì wà, bíi T480 àbí T490. T480 ní ojú ihò RAM méjì, ó sì ní bátìrì méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn tí a lè yọ kí a sì fi òmíràn sí i láì pa ẹ̀rọ. T490 fúyẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti jó apá kan RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ojú ihò kan ló kù, bátìrì rẹ̀ sì wà nínú pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé e rìn láàárọ̀, tó sì ń rí iná ní yàrá ìkàwé, á mú T490. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní àdúgbò tí iná kì í dúró sí, kó mú T480, kó sì wá bátìrì ẹ̀yìn tó jẹ́ 72Wh.